Ṣé ó yẹ kí Red Dead Redemption ní apá kẹta?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kàdúná:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Sabo ni mo ń gbé ní Kàdúná níbí. Oṣù tó kọjá ni mo parí Red Dead Redemption 2 lórí PS4 tí bọ̀ọ̀dá mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sìnrú ìlú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Látìgbà náà, kò sí géèmù mìíràn tó wù mí í gbá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé dandan ni kí Rockstar, iléeṣẹ́ tó ṣe é, ṣe apá kẹta torí ìtàn náà kò tíì parí, àti pé owó tí wọ́n pa nídìí rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irọ́ ni, pé kí wọ́n má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ta ló jàre nínú wọn? Ṣé géèmù yìí nílò apá kẹta lóòótọ́?"

Àbúrò mi, mo gbọ́. Kí n tó dáhùn, kí n kìlọ̀ fún àwọn yòókù tó ń bá wa kà á: ẹni tí kò bá tíì parí géèmù méjèèjì tó ń jẹ́ Red Dead Redemption, kó dúró síbí ná. Màá sọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á, mi ò sì ní bò ó.

Nǹkan tó ń jà ọ́ lọ́kàn ju ẹyọ kan lọ. O fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn náà ṣì ku síbì kan, o fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ni ín máa ṣe òmíràn, o sì ń wá ohun tí wàá fi àárò Arthur Morgan, akọni géèmù tó o parí yìí, ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ fi ìdáhùn kan ṣoṣo dí gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ náà fi tirẹ̀ dí i. Àfi ká tú u kúrò lára ara wọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, níbi tí a ti ń ta díìsì, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń sanwó wákàtí láti gbá bọ́ọ̀lù, ohun kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Wọ́n á ra Red Dead Redemption 2, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á gbé e padà wá pẹ̀lú díìsì méjèèjì nínú páálí rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa wá 3." Wọ́n rò pé 2 ló tẹ̀ lé 1, bó ṣe yẹ kó rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó o gbá yẹn ló ṣáájú nínú ìtàn. Ọdún 1899 ni Arthur àti ẹgbẹ́ olè tí Dutch van der Linde jẹ́ olórí rẹ̀ ń sá kiri nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó jáde ní oṣù karùn-ún 2010 lórí PS3 àti Xbox 360, ọdún 1911 ni ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n tó gbé tìrẹ yìí jáde, tí wọ́n fi padà sẹ́yìn lọ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Red Dead Revolver kan tilẹ̀ wà láti 2004, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bá àwọn méjì yìí tan, jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní ìtàn náà kò tíì parí, ó ti parí, ó sì ti pẹ́. John Marston tó o bá kọ́ ilé sí Beecher's Hope ní ìparí, tó o bá gbé igi tó o bá kan ìṣó, òun ni géèmù 2010 dá lé lórí. Àwọn aṣojú ìjọba lábẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edgar Ross mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ní àfi tó bá lọ ṣọdẹ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìjọsí ni wọ́n máa dá wọn padà: Bill Williamson, Javier Escuella, Dutch fúnra rẹ̀. Ó ṣe é. Wọ́n dá ìyàwó àti ọmọ padà fún un, ó padà sídìí màlúù rẹ̀, o ti ń rò pé ó bọ́, ni àwọn ṣọ́jà bá dé. John ti ìyàwó àti ọmọ jáde lórí ẹṣin, òun ṣí ilẹ̀kùn abà, ó jáde sí gbogbo ìbọn wọn lóun nìkan. Ní 1914, Jack ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó wá Ross kàn létí odò kan, ó sì yìnbọn pa á. Ibẹ̀ ni ìtàn àwọn Marston dúró sí. Iwájú rẹ̀ ti dí láti 2010, apá kejì wá dí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 2018.

Mo mọ ohun tó tan ọ̀rẹ́ rẹ jẹ. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ó rí àwọn ọkùnrin méjì tó ń tọpasẹ̀ John, tí wọ́n ń bi èèyàn léèrè, tí wọ́n sì wá ń wo oko rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹni tí kò bá mọ ojú wọn á rò pé apá kẹta ni wọ́n ń fi han òun. Ross ni ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí 2010 ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ní ti ẹkún tó o sun, má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun kan tí wàá fẹ́ jiyàn lé lórí: Arthur lò ń wá, ìtàn kọ́. Ẹni tó bá bá ọkùnrin kan gbé fún bí àádọ́ta sí ọgọ́ta wákàtí, tó ń fọ ẹṣin rẹ̀, tó ń rí i tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù, tó ń bá a mu kọfí láàárọ̀ kó tó kúrò ní àgọ́, á mọ̀ ọ́n ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ mìíràn lọ. Tí ẹṣin rẹ̀ bá fẹ́ kú, á kúnlẹ̀ tì í, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò ní nífẹ̀ẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè ni, tó sì ti pa èèyàn? Roger Clark tó fi ohùn àti ara rẹ̀ ṣe Arthur gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù ní The Game Awards lọ́dún 2018, ó sì tọ́ sí i.

Ikú Arthur yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ wò, torí òun ló máa jẹ́ kó o mọ ìdí tí n kò fi rí àyè fún apá mìíràn lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ wá mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ó bá ọmọ náà níbi tí Arthur ti lọ gba gbèsè lọ́wọ́ Thomas Downes, àgbẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Arthur gbá a mú láṣọ, ó lù ú, ọkùnrin náà sì wúkọ́ sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ ta sí i lára. Àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń wá ibi tí iṣẹ́ tó kàn wà lórí máàpù. Nọ́ọ̀sì yìí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ikọ́ ife nìyẹn. Ó ti kó o." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ariwo bọ́ọ̀lù ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Arthur tó ṣubú lójú títì ní Saint Denis, kí dókítà tó sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Ọmọ yẹn dá géèmù dúró, ó gbé fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ló ṣe mọ̀. (Lónìí, oògùn oṣù mẹ́fà ló ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti wúkọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ní 1899, kò sí oògùn rẹ̀ rárá.)

Ṣé o rí bí wọ́n ṣe hun ún? Àìsàn náà gba ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ wọlé. Ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì tó fi lu Downes, torí dọ́là díẹ̀, nínú iṣẹ́ kékeré kan tó o lè ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Géèmù náà kò sọ nǹkan kan fún ọ. Ó jẹ́ kó o máa pẹja, kó o máa ṣọdẹ, kó o máa ja ọkọ̀ ojú irin lólè. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ikọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jin, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Edith Downes tó sọ di opó ń padà yọ sí i lọ́nà. Gbogbo oore tó ṣe látìgbà náà, oore ẹni tó mọ ọjọ́ tó kù fún un ni. Wọn kò kàn pa á ní ìparí kí o lè sunkún. Ikú náà ti wà nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bó o ṣe ń ṣeré lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ apá mìíràn fún Arthur, àfi kó tú ìdí èyí, tó bá sì ti tú u, kò ní ku Arthur kankan níbẹ̀ mọ́. Kò sì sí ohun tó máa sọ nípa ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí ìwọ kò tíì mọ ìparí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ á ti máa yọ̀ báyìí. Kó má tíì yọ̀. Tí mo bá gbé ìwọ̀n tí mo fi wọn Arthur yìí wọn ti 2010, kò yẹ kí Red Dead Redemption 2 tó o fẹ́ràn yìí wà rárá. Akọni ti kú, ọmọ rẹ̀ ti gbẹ̀san, gbogbo ọ̀tá ti tán. Ní 2011, tí ẹnì kan bá bi mí ní irú ìbéèrè tìrẹ yìí, èmi náà á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣe é, ó sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí náà, kí ìtàn ti parí nìkan kò tó ẹ̀rí láti fi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.

Kí ló wá jẹ́ kó ṣeé ṣe? Wọ́n kò fi nǹkan kan kún ẹ̀yìn ikú John. Wọ́n wá yàrá kan nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tì í pa láti 2010, wọ́n sì ṣí i. Nínú 2010, John máa ń sọ̀rọ̀ Dutch bí ẹni tó tọ́ òun dàgbà, tó gbàgbọ́ nínú nǹkan kan nígbà kan, kí orí rẹ̀ tó dàrú. Ó sọ pé wọ́n yìnbọn lu òun lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi òun sílẹ̀ kí òun kú síbẹ̀. Dutch tí àwa bá nínú géèmù yẹn, wèrè ni, orí òkè ló ti bẹ́ sílẹ̀ kú. Báwo ni ọkùnrin báyìí ṣe rí èèyàn tẹ̀ lé e? Kí ló sọ fún wọn tí wọ́n fi gbà á gbọ́? Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ń dúró dè é. Apá kejì dáhùn rẹ̀ pátápátá, débi pé ìwọ fúnra rẹ gba Dutch gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí o tó fura sí i.

Ó ní ohun tó ná wọn, mo sì fẹ́ kó o kíyè sí i nígbà tó o bá gbá ti 2010. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Arthur níbẹ̀. Kò síbì kan. John tí Arthur fi ẹ̀mí rẹ̀ rà padà, tó gbé fìlà rẹ̀ lé e lórí, tó tì í sọ́nà, kò mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kọ ọ́, wọn ò tíì ronú kan Arthur. A lè wá àwíjàre fún John, a lè ní ọgbẹ́ náà ló ń dùn ún tó fi dákẹ́. Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn oníbàárà mi, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwa la ń fi àlẹ̀mọ́ sí i. Gbogbo ìtàn tó bá padà sẹ́yìn ló máa ń dá irú ihò yìí sílẹ̀ níwájú. Apá kẹta tó bá tún padà sẹ́yìn á tún dá òmíràn.

Wo àwọn mìíràn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. The Last of Us jáde ní 2013, ó sì parí sórí irọ́: Joel pa àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀mí Ellie wá oògùn àrùn tó run ayé, ó sì purọ́ fún Ellie nípa rẹ̀, Ellie ní kó búra fún òun pé òótọ́ ni ohun tó sọ, ó búra, Ellie ní ó dáa, ó tán. Àwọn kan ní ibi tó yẹ kó dúró sí nìyẹn. Èmi ò gbà. Irọ́ tí ẹni méjì ń gbé lé lórí, tí ọ̀kan nínú wọn ti ń fura, gbèsè ni, ìtàn náà sì jẹ wá ní ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Nígbà tí Part II dé ní oṣù kẹfà 2020, ó san án: wọ́n pa Joel kí géèmù tó gbóná, wọ́n sì fi pádì sí wa lọ́wọ́ ká máa fi Abby ṣeré, ọmọ dókítà tí Joel pa. Àwọn kan bínú débi pé wọ́n ń bú òṣèré tó ṣe Abby. Lọ́dún kan náà, ó gba géèmù ọdún ní The Game Awards. Ó nílò apá kejì, wọ́n ṣe é, kò sì dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Má ṣe rò pé tí géèmù bá nílò apá mìíràn, apá náà á tẹ́ ọ lọ́rùn. Ti Shenmue tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: apá kìíní 1999, ìkejì 2001, ó sì dúró láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá ju mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là jọ lórí Kickstarter, ìkànnì ìkówójọ kan, ní 2015, ìkẹta jáde ní 2019, ọmọ tó ń wá ẹni tó pa bàbá rẹ̀ kò sì tíì rí i mú di òní. Alan Wake náà dúró fún ọdún mẹ́tàlá, 2010 sí 2023, tirẹ̀ bọ́ sí i dáadáa. Kí géèmù pẹ́ kó tó dé kò fi nǹkan kan hàn.

Tí Rockstar bá wá ní àwọn á ṣe 3, ibo ni wọ́n máa gbà? Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù ni Blackwater: olè ọkọ̀ ojú omi tó bàjẹ́ kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí Dutch ti pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Heidi McCourt, tí a kò fojú rí, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ará àgọ́ la ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ rí i. Mo fẹ́ rí i náà, mo sì mọ̀ pé kò yẹ. Arthur kò sí níbẹ̀, ohun tí àwọn yòókù sọ fún un ló mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè máa tẹ̀ lé Dutch pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà ló fi jẹ́ kí ìwọ máa tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi Blackwater hàn wá lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá wá gbá 2 lẹ́yìn rẹ̀ á ti mọ irú ẹni tí Dutch jẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Géèmù tuntun á ti ba ti àtijọ́ jẹ́.

Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dutch tó kù láàyè, Sadie Adler ní òun fẹ́ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, Charles sọ̀rọ̀ Kánádà. Tí wọ́n bá ṣe ti Sadie, màá rà á lọ́jọ́ tó bá jáde, ṣùgbọ́n adùn ni ìyẹn, kò sí ìbéèrè kankan nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Jack nìkan ni mo rí tó ṣì ní ìbéèrè lọ́rùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ní 1914 tó pa Ross. Ọmọ tó ń kàwé, tó fẹ́ràn ìtàn àwọn jagunjagun àtijọ́, tí bàbá rẹ̀ kú kó má baà di oníbọn, ó sì ti di oníbọn. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, Amẹ́ríkà sì wọ̀ ọ́ ní 1917. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa dà? Mo lè fi gbogbo alẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n máa sọ nù: bí Jack ṣe yí ẹ̀yìn padà kúrò létí odò yẹn tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kókó gbogbo 2010, pé ikú John kò ra ohun tó fẹ́ fi rà. Tí wọ́n bá tún ayé Jack ṣe, wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́. Tí wọ́n bá bà á jẹ́ sí i, wọ́n kàn ń sọ ohun tí a ti mọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá máa rí ọ̀nà gbà láàárín méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ á dá ṣáká.

Tó bá jẹ́ èmi, àwọn èèyàn tuntun ni màá mú, nínú ayé yẹn kan náà, láìsí Dutch, láìsí Marston kankan. Ohun tí àwọn tó ṣe Ghost of Tsushima ṣe nìyẹn: ìtàn Jin Sakai ní 1274 jáde lọ́dún 2020, nígbà tí wọ́n sì máa ṣe òmíràn ní 2025, wọ́n fò ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ sí 1603, wọ́n mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Atsu, wọ́n jẹ́ kí Jin sinmi.

Ọ̀rọ̀ owó tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ ló kù. Kò purọ́ níbẹ̀. Rockstar kéde nígbà náà pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mú 725 mílíọ̀nù dọ́là wọlé. Iléeṣẹ́ tó bá pa irú owó yẹn nídìí orúkọ kan kì í gbàgbé orúkọ náà, torí náà èmi náà gbà pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á tún lò ó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ rẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì owó náà. Ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà káàkiri ayé ni wọ́n fi ṣe 2. GTA (Grand Theft Auto), géèmù wọn mìíràn, ló sì ń bọ́ wọn jù. GTA V jáde ní oṣù kẹsàn-án 2013, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó fi fídíò àkọ́kọ́ GTA VI hàn ní oṣù kejìlá 2023, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ní oṣù keje 2022, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní máa ṣe àfikún ńlá fún Red Dead Online, apá 2 tí èèyàn ti ń bá ẹlòmíràn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́, torí GTA tó ń bọ̀. Dan Houser, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, tó wà lára àwọn àgbà òǹkọ̀wé apá méjèèjì, ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù kẹta 2020. Owó lè mú 3 wá. Owó kò lè sọ ẹni tó máa kọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọ̀gá ibẹ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti rí ọjọ́ tó máa jáde lórí YouTube, ẹ máa wò ó níran.

Kí o sì ro tìrẹ náà mọ́ ọn, ìwọ tó ń gbé ní Kàdúná pẹ̀lú PS4 àtọwọ́dọ́wọ́. Nígbà tí 2 jáde ní 2018, ọgọ́ta dọ́là ni, dọ́là kan sì wà ní bíi ₦360. Ó ń lọ sí ₦22,000. Géèmù ńlá tuntun ti di àádọ́rin dọ́là báyìí. Ká ní dọ́là wà ní ₦1,500, ₦105,000 nìyẹn fún díìsì kan, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Kò sì dájú pé PS4 yẹn lè gbé e. Èmi tí mò ń tà á ni mò ń sọ ọ́ o: má ṣe fi ọdún tó ń bọ̀ dúró de ohun tí kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló súnmọ́ òótọ́ jù. Géèmù náà kò nílò apá kẹta. Pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́ láé ni n kò bá a lọ, torí 2 fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè rí yàrá tí àwa kò rí. Ohun tó kàn ọ́ báyìí ni kó o lọ gbá ti 2010, kí ayé John tó o bá kọ́lé tó parí sí ọ lójú. O ò nílò PS3 fún un. Oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n gbé e wá sórí PS4, kò sì wúwo bíi 2 tó ń jẹ ju ọgọ́rùn-ún GB lọ, dátà rẹ kò ní kú sí i. Àwòrán rẹ̀ ti dàgbà, bí ẹṣin ṣe ń sáré níbẹ̀ kò tó ti tìrẹ, ó sì lè gbà ọ́ tó ọjọ́ méjì kí ọwọ́ rẹ tó bá a mu. Ní sùúrù títí wàá fi dé Mẹ́síkò. Undead Nightmare, àfikún òkú tó ń rìn tí wọ́n ṣe ní 2010, wà nínú ẹ̀dà náà láìsan owó mìíràn, ṣùgbọ́n eré àṣedárayá ni ìyẹn, kò sí lára ìtàn gidi, nítorí náà fi í sẹ́yìn. Apá tí èèyàn ti ń bá ẹlòmíràn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Tí ẹnì kan bá tìtorí ìyẹn fowó lé e fún ọ ní ọjà, má san án.